Ìyá Tó Fúnra Rẹ̀ Pe Àjọ Aláàbò Ọmọdé

“Ṣé ọmọ lè sunkún títí kó kú?” Ìbéèrè tí ìyá ọmọ yìí bi nọ́ọ̀sì nìyẹn lọ́jọ́ tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò oṣù kan. Nọ́ọ̀sì náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ju ẹkún lọ. Ó yẹ ọmọ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò rí àpá kankan, ọmọ sì ń sanra bó ṣe yẹ. Kò sí ohun tó máa torí ẹ̀ pe ìjọba. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí obìnrin náà lọ bẹ́ẹ̀. Ó bi í bóyá ó máa fẹ́ kí ẹnì kan máa yà wò ó nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí kò sì ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun á rò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó pe nọ́ńbà tó wà lórí káàdì tí nọ́ọ̀sì fún un.

Nọ́ńbà ẹgbẹ́ wa ni. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ọwọ́ mi ni gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn tó ń lọ sílé àwọn òbí ń gbà kọjá. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ìyá ọmọ ló gbà pé kí n kọ ọ́, pẹ̀lú àdéhùn pé mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní dárúkọ ìlú. Mo ti yí àwọn nǹkan kéékèèké padà kí ẹni tó mọ̀ wọ́n má baà tọ́ka sí wọn.

Ilé náà

Ìyá ọmọ kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìkẹ́rùsí, ó tún ń fi mọ́tò kó ẹrù kiri lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ wọn jẹ́ méjì: obìnrin ọmọ ọdún mẹ́ta, àti ọkùnrin tuntun tó wáyé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń retí rẹ̀. Owó ilé ló lé wọn kúrò ní ìpínlẹ̀ tí ẹbí wọn wà. Kò sí ìyá nítòsí, kò sí ìyá ọkọ, kò sí àbúrò kankan tó máa sọ pé “Gbé e wá, lọ sùn.”

Kò sí ọtí nínú ilé, kò sí oògùn olóró, ọkọ kì í na ìyàwó. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa pàápàá rò pé òbí tó ń ṣe ọmọ léṣe ní láti jẹ́ ìkà ènìyàn tí a máa dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń kọ nọ́ọ̀sì lóminú ò jọ bẹ́ẹ̀ rárá: obìnrin tí kò sùn, tí kò ní ẹni tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ bọ́ sí oṣù tí ẹkún ń le jù.

Ẹkún ọmọ tuntun ní ìgbà tirẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì ló ti máa ń pọ̀ sí i, ó máa ń le jù nínú oṣù kejì, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún. Ọ̀sán sí alẹ́ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ti jẹun yó, tí ìdí rẹ̀ gbẹ, tí ara rẹ̀ kò gbóná, lè figbe ta fún wákàtí mélòó kan láìsí ohun tó ń ṣe é. Inú àwọn oṣù wọ̀nyẹn náà ni àwọn ilé ìwòsàn ti ń rí ọmọ tí àgbàlagbà ti gbọn jìgìjìgì jù. Orí ọmọ wúwo, ọrùn rẹ̀ ò tíì gbó. Bí wọ́n bá gbọn ọ́n, ọpọlọ á mì nínú agbárí, iṣan á já, ẹ̀jẹ̀ á ya sínú orí àti sẹ́yìn ẹyinjú. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń kú, púpọ̀ nínú àwọn tó yè ni kì í sì í padà bọ̀ sípò. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ẹni tó ṣe é sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ọmọ náà dénú.

Irú ẹgbẹ́ tí a jẹ́

Kíláàbù àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ tó ń dá owó jọ ṣoore fún ìlú pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Nínú wọn, Exchange Club, tó bẹ̀rẹ̀ ní Detroit ní 1911, ló mú dídènà ìwà ìkà sí ọmọdé ní iṣẹ́ àpapọ̀ rẹ̀ ní 1979. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké mìíràn, tó fi mọ́ tiwa, tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Denver ni ọ̀nà náà ti ṣẹ̀. Ní 1962, Henry Kempe, dókítà ọmọdé níbẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ jáde tí àwọn dókítà kò fi lè sẹ́ mọ́ pé eegun ọmọ mìíràn tó ṣẹ́, ọwọ́ òbí ló ṣẹ́ ẹ. Àwọn ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Kempe bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ènìyàn lásán, tí wọn kì í ṣe dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, lọ sílé irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ láti máa bá wọn jókòó. Olùrànlọ́wọ́ òbí ni a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

A kò pọ̀. A ní mẹkáníìkì, olùkọ́, ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, àwọn tó kù ti fẹ̀yìntì. Owó tí a ń rí nínú ìdíje gọ́ọ̀fù ọdọọdún ni a fi ń san owó oṣù alábòójútó kan, owó náà la sì fi ń kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda lẹ́kọ̀ọ́, tí a fi ń yẹ ìtẹ̀ka wọn wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ẹni tí alábòójútó yàn fún ilé yìí ni màmá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tí kì í kánjú sọ̀rọ̀.

Ṣéènì ilẹ̀kùn

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá ọmọ kò tú ṣéènì ilẹ̀kùn. Ojú kan àti èjìká ọmọ ni màmá rí láti ibi tó dúró sí. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sì sọ ohun tí a ń kọ́ gbogbo olùyọ̀ǹda láti sọ kí wọ́n tó jókòó:

“Ọ̀rọ̀ tó o bá bá mi sọ, ọ̀dọ̀ mi ló máa wà. Àmọ́ bí mo bá rí i pé ẹnì kan ń pa ọmọ lára, tàbí pé ọmọ wà nínú ewu, tàbí pé o fẹ́ ṣe ara rẹ léṣe, mo máa pe àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọdé. Tí mo bá sì fẹ́ pè wọ́n, mo máa sọ fún ọ.”

“Ẹ wá ṣọ́ mi nìyẹn, mà.”

“Mo wá bá ọ gbé ọmọ kó o lè ráyè wẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ.”

Ìyá ọmọ dúpẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ohun tí màmá kọ sínú fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà kò ju ìlà kan lọ: “Kò jẹ́ kí n wọlé. Ọmọ ń mí dáadáa. Màá padà lọ.” Lọ́sẹ̀ kejì, ṣéènì ti kúrò.

Àríyànjiyàn ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yìí nínú ẹgbẹ́. Àwọn kan ní ó ń lé àwọn òbí sá, pé kí a kọ́kọ́ di ọ̀rẹ́ wọn ná ká tó mẹ́nu kan àjọ. Mi ò gbà. Láti 1974 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti so owó ìrànwọ́ mọ́ ọn pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin lórí fífi irú ọ̀rọ̀ báyìí tó ìjọba létí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àkójọ àwọn tí ó di dandan fún. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, gbogbo àgbàlagbà ni. Olùyọ̀ǹda tó bá ṣe ọ̀rẹ́ oṣù mẹ́ta kó tó sọ pé òun lè pe ìjọba, ẹ̀tàn ló fi ṣe ọ̀rẹ́ náà, ọjọ́ tí ìyá ọmọ bá sì mọ̀, kò tún ní ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbà ni pé bí sísọ ọ́ fún òbí ṣáájú bá máa fi ọmọ sínú ewu, a kì í sọ ọ́.

Ohun tí màmá ń ṣe níbẹ̀

Ẹni tó bá retí pé ẹ̀kọ́ ìtọ́mọ ni màmá lọ ń kà fún un kò ní rí i nínú àkọsílẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ kún fún nǹkan bí èyí: “Mo gbé ọmọ, ìyá ọmọ sùn.” “Mo mú èyí obìnrin lọ sí ilé ìkàwé.” “A jọ kún fọ́ọ̀mù WIC,” ìyẹn ètò ìjọba tó ń fún aboyún, ìyá ọmọ àti ọmọ kéékèèké ní oúnjẹ. Tẹlifíṣọ̀n máa ń ké tantan nígbà tí màmá bá dé, ó sì pẹ́ kó tó yé e pé ìyá ọmọ ń lò ó láti fi bo igbe mọ́lẹ̀ kí àwọn ará òkè má baà máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ àjà. Ọmọ ọdún mẹ́ta náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń ki ọmú rọ́bà bọ àbúrò rẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń tì í wọ̀ ọ́ lẹ́nu jù. Ibí yìí ni màmá ti kọ́kọ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan nínú ilé náà, ọmọ ọdún mẹ́ta ló sì kọ́: pé kó fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kí àbúrò fúnra rẹ̀ wá a.

Ọ̀rọ̀ pámpásì tó odindi ìpínrọ̀ kan. WIC kì í sanwó pámpásì, káàdì SNAP tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ náà kò lè rà á. Ìyá ọmọ yìí ti ń fi ọ̀kan ṣoṣo pẹ́ jù nídìí ọmọ nítorí kó lè tó di ọjọ́ owó oṣù, ìdí ọmọ ń bó, ọmọ ń ké. Kò sí ìwé tí a lè fún un kà tó máa tán ẹkún yẹn. Pẹpẹ pámpásì wà nínú ọ́fíìsì wa, màmá ń mú un lọ. Bí mo bá ní ipá láti pàṣẹ fún ẹgbẹ́ yòówù tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, pẹpẹ pámpásì ni màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ kàn, kí wọ́n tó tẹ pósítà kankan.

Nígbà tí ọmọ wọ oṣù kejì, ẹkún dé bí wọ́n ṣe sọ. Màmá àti ìyá ọmọ jókòó, wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa ṣe sórí ìwé, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibùsùn ọmọ. Ọwọ́ ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Wo ara rẹ̀ bóyá ó gbóná; bó bá gbóná, pe dókítà. Wo ìdí rẹ̀. Fún un lóúnjẹ. Gbé e rìn. Bó bá ṣì ń ké tí inú sì ti ń bí ọ, gbé e sùn sí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ibùsùn, má fi nǹkan kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, pa ilẹ̀kùn dé, bọ́ síta. Pe màmá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá padà lọ wò ó. Ìlà tó gbẹ̀yìn, ìyá ọmọ ló fi kún un: “Kò ní sunkún kú.”

Bàbá ọmọ ò ráyè fún màmá. Ìgbà tó bá tibi iṣẹ́ alẹ́ dé ló fẹ́ sùn. Àmọ́ màmá ò gbà, torí pé ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbọn ọmọ, bàbá tàbí ọkùnrin mìíràn tó ń gbé pẹ̀lú ìyá ọmọ. Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kan, ó dúró dè é títí ó fi bọ́ bàtà, ó fi ìwé ara ògiri hàn án, ó sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: “Bó bá ń ké tí ìwọ nìkan wà nílé, ta lo máa pè?” Kò rí ẹni tó máa dárúkọ. Wọ́n kọ nọ́ńbà màmá àti ti nọ́ọ̀sì sínú fóònù rẹ̀.

Etí ọmọ

Ìgbà tí ọmọ ń lọ sí oṣù mẹ́rin, tí ẹkún ti ń rọlẹ̀, tí gbogbo wa ti ń mí kanlẹ̀, ìbátan ọkọ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, kó wá sílé wọn. Orí àga ló ń sùn, ó sì ń dá sí owó ilé. Láàárín ìgbà tí màmá wá ní ọ̀sẹ̀ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e ló dé.

Ìyá ọmọ mú èyí obìnrin jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ọmọ sílẹ̀ fún ìbátan náà fún wákàtí kan ó lé díẹ̀. Nígbà tó padà dé tó ń wẹ ọmọ, ó rí i pé apá òkè etí òsì ti dúdú, àpá kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi ìka méjì fún un pọ̀. Ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó ní bóyá ọmọ fi orí sùn lórí ọmú rọ́bà.

Ọmọ tí kò tíì lè rá kì í sábà ní àpá lára. Àwọn dókítà ọmọdé ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní TEN-4: bí àpá bá wà ní àyà, ikùn, ẹ̀yìn, etí tàbí ọrùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, tàbí níbikíbi lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù márùn-ún, kí wọ́n má fojú fò ó. Màmá ti kọ́ ọ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìyá ọmọ ò mọ orúkọ òfin kankan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé etí kì í dúdú nítorí oorun. Ó pe màmá.

“Mà, etí ẹ̀ ti dúdú. Ṣé ẹ máa pè wọ́n?”

“Mo máa pè wọ́n. Mo ti sọ fún ọ lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n o lè pè wọ́n kí n tó pè.”

Ìyá ọmọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ fún mi ní nọ́ńbà.” Ó pè wọ́n láti inú ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, àwọn ọmọ méjèèjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Màmá náà pè láti inú mọ́tò kó tó gbéra, nítorí ìpè ìyá ọmọ kò mú ojúṣe kúrò lọ́rùn tirẹ̀. Ó wá gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n ya X-ray gbogbo eegun ọmọ, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Kò sí eegun tó ṣẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú orí. Òṣìṣẹ́ àjọ dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó bi ìyá ọmọ léèrè ọ̀rọ̀ fún wákàtí púpọ̀, ó lọ wo ilé, ó ka ìwé ara ògiri, ó ka àkọsílẹ̀ wa lẹ́yìn tí ìyá ọmọ fọwọ́ sí i. Àṣẹ tó pa ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé mọ́, kò sì gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kò gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ìyá wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá fọ̀rọ̀ wá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́nu wò, ó jẹ́wọ́ pé ọmọ ń ké, òun sì fa etí rẹ̀ kó lè dákẹ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e

Inú ilé ò dùn lẹ́yìn náà. Bàbá ọmọ bínú sí ìyàwó rẹ̀ gidigidi. “O fa ẹbí mi lé ìjọba lọ́wọ́,” ni gbólóhùn tó ń tún sọ. Àwọn ènìyàn rẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kejì kò gbé ìpè ìyàwó mọ́. Owó tí ìbátan náà ń dá sí owó ilé lọ, gbèsè sì yọjú lóṣù kejì. Màmá mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé.

Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti fẹ́ pín. Akápò ní a kì í ṣe báǹkì, pé orúkọ wa sì ti wọ fáìlì ìjọba, kí a jáwọ́ nínú lílọ sílé ènìyàn, kí a máa pín rìbọ́n aláwọ̀ búlúù ní oṣù April, oṣù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà fún dídènà ìwà ìkà sí ọmọdé, bí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ṣe ń ṣe. Mi ò ní fi rìbọ́n ṣẹ̀sín. Ìyá àgbà kan ní Virginia, Bonnie Finney, ló kọ́kọ́ so ó mọ́ mọ́tò rẹ̀ ní 1989 lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọ ọmọ rẹ̀, àwọ̀ àpá tó rí lára ọmọ náà ló sì fi yan búlúù. Ìrora gidi ló bí i. Ṣùgbọ́n rìbọ́n kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí kò sùn.

Alábòójútó wa mú ìwádìí Elmira wá sórí tábìlì. Ní ìlú yẹn, ní ìpínlẹ̀ New York, David Olds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán nọ́ọ̀sì sílé àwọn aboyún àti ìyá ọmọ tuntun ní ìparí àwọn ọdún 1970. Nígbà tí wọ́n padà wo àwọn ìdílé náà lẹ́yìn ọdún márùndínlógún, ẹ̀sùn ìwà ìkà tàbí àìtọ́jú ọmọ tí ìjọba fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fi 48 nínú ọgọ́rùn-ún kéré láàárín àwọn tí nọ́ọ̀sì bẹ̀ wò ju àwọn tí wọn kò bẹ̀ wò lọ. Akápò ò gbà tán: nọ́ọ̀sì nìyẹn, ó ní, àwa ò ní nọ́ọ̀sì. Ó sì tọ̀nà dé ìwọ̀n kan. Nígbà tí Olds dán an wò ní Denver pẹ̀lú àwọn tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, àǹfààní rẹ̀ kéré sí ti nọ́ọ̀sì. Ìdí nìyẹn tí a fi gbà nígbẹ̀yìn pé nọ́ọ̀sì kan gbọ́dọ̀ máa ka àkọsílẹ̀ gbogbo olùyọ̀ǹda lóṣooṣù, kó sì máa bá wọn jókòó. Nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ náà ni ẹni tí ìyá ọmọ bi ní ìbéèrè ọjọ́sí. A san owó ilé oṣù kan fún ìdílé náà. Ìbò ló gbé e wọlé, kì í ṣe pé gbogbo ẹnu kò.

Àjọ ti fáìlì tirẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Màmá ń lọ títí ọmọ fi pé ọdún kan, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù nígbẹ̀yìn. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ló ní kó tó báyìí, pé òun ti rí iṣẹ́ ìdajì ọjọ́, òun ò ní máa sí nílé nírú àkókò yẹn mọ́. Bàbá ọmọ kò wá sí ẹgbẹ́ àwọn bàbá tí a pè é sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹbí ọkọ ṣì ń yan ìyàwó lódì.

Nínú fọ́ọ̀mù wa, ìbéèrè “Ta ló ń sùn nínú ilé yìí?” ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, lójú ewé kìíní, níbi tí olùyọ̀ǹda ti ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Òkè ewé gbogbo ìbẹ̀wò ló wà, màmá sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kí a gbé e síbẹ̀.